"A Kò Rí I" Kì í Ṣe "Kò Sí": Bí A Ti Ń Wọn Òjé Inú Omi, Oúnjẹ àti Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Badagry láti Mile 2 yóò kọjá ní Agboju kí ó tó dé Alákijà. Festac Town wà ní ìtòsí ibẹ̀, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ agbègbè yìí, kò jìnnà sí ọ̀sà, omi kò sì jìn nínú rẹ̀. Nítorí náà ni kànga-dẹ̀rọ fi pọ̀ ní ojúlé-ojúlé, tí àwọn mẹ́ruwà sì ń ti ọmọlanke wọn kiri láti àárọ̀ kùtùkùtù.

Baálé ilé kan tí mo mọ̀ ní Alákijà gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀, ó sì ń ta omi fún àwọn aládùúgbò. Ó gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì fún un ní ìwé àbájáde. Ó fi gíláàsì bo ìwé náà, ó gbé e kọ́ sí ara ògiri lẹ́bàá ẹnubodè, kí gbogbo ẹni tí ó bá wá pọn omi lè kà á. Lára ohun tí a kọ sí inú rẹ̀ ni èyí: òjé, a kò rí i. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ nígbà tí ó fi í hàn mí. Èmi náà bá a yọ̀, ṣùgbọ́n mo bi í ní ìbéèrè kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: báwo ni òjé ìbá ti pọ̀ tó kí wọ́n tó lè rí i? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ kí àwa òǹkàwé ìwé yìí jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó kan omi, ó kan oúnjẹ, ó sì kan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa.

Ní Alákijà, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní Èkó, ojú, imú àti ahọ́n ni a fi ń yẹ omi wò. Omi tí ó bá pọ́n bí ìpẹtà, tí ó ń ba aṣọ funfun jẹ́, kò sí ẹni tí yóò fi owó rà á. Irin ni ó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n irin ń polówó ara rẹ̀. Òjé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí òjé inú rẹ̀ ti kọjá àlà lè mọ́ gaara bí omi òjò, kí ó má rùn, kí ẹnu má sì mọ̀ ọ́n. Bí a bá sè é, òjé kò ní jáde. Omi ni yóò máa gbẹ, tí òjé yóò sì kù sẹ́yìn nínú èyí tí ó ṣẹ́kù.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn apẹja a máa so ó mọ́ àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì, àwọn olórìṣà a sì máa fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Láti ibẹ̀ ni òwe náà ti wá pé a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ó wúwo, ó rọ̀, iná díẹ̀ ni ó sì ń yọ́ ọ. Ìdí kan náà nìyí tí àwọn Òyìnbó fi fi ṣe páìpù omi, tí wọ́n fi í sí inú ọ̀dà àti sí inú bátìrì. Ó yẹ kí n sọ nípa ọ̀rọ̀ tí mo ń lò, nítorí àwọn olùkọ́ tí yóò ka èyí. Èdè wa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, irin, idẹ, bàbà, fàdákà, wúrà, òjé, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹbí náà. Nítorí náà ni mo ṣe yá "mẹ́táàlì" lò. Àwọn mẹ́táàlì wúwo tí a ń bẹ̀rù jù ni òjé, mẹ́kúrì àti kádímíọ̀mù. A sì máa ń ka àsẹ́níìkì mọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kẹ́místrì kò gbà pé mẹ́táàlì gidi ni. Ara ènìyàn nílò irin díẹ̀ àti síńkì díẹ̀. Kò sí ohun kan tí ó nílò òjé fún.

Ọ̀nà tí òjé ń gbà wọ ilé kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti omi nìkan. Ìyá àgbà tí ó bá lé tìróò sí ojú ọmọ tuntun, ìfẹ́ ni ó fi ṣe é, kí ojú ọmọ lè mọ́lẹ̀, kí ó sì lẹ́wà. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ àwọn òbí tí ó ti Nàìjíríà wá. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 13 nínú desílítà kan, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Nígbà tí a wádìí dé ibi tí ó ti wá, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni. A wọn tìróò náà, a sì bá a pé 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ CDC tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ àrùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìtàn yìí jáde ní ọdún 2012.

Kí a má ṣì í gbọ́: kì í ṣe gbogbo tìróò ni ó rí bẹ́ẹ̀. Òkúta dúdú kan tí ń dán, tí òjé àti imí-ọjọ́ para pọ̀ di, ni a ń lọ̀ ṣe òmíràn; òmíràn sì jẹ́ èérú tàbí èédú lásán. Méjèèjì dúdú, méjèèjì kúnná, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ ọwọ́ a máa fi ọwọ́ nu ojú, a sì tún ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Bí òjé bá sì wọ inú ọmọdé, ara rẹ̀ ń gbà á ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún bí ara àgbàlagbà ti ń gbà á.

Ohun tí ó mú kí ìwọ̀n yìí ṣòro ni bí ohun tí a ń wá ti kéré tó. Òfin omi mímu ti Nàìjíríà, tí ó bá ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé mu, kò fẹ́ kí òjé ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Èyí ni máíkírógíráàmù 10, máíkírógíráàmù kan sì ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá gíráàmù. Ẹ jẹ́ kí a fi táńkà omi tí ń wọ Festac ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní táńkà kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000, tí a sì to 50 irú rẹ̀ sí ojú kan. Gíráàmù òjé 5, tí kò tóbi ju horo àgbàdo méjì lọ, bí ó bá yọ́ pátápátá sí inú gbogbo omi náà, ó tó láti gbé táńkà 50 náà dé orí àlà òfin. Ti ẹ̀jẹ̀ tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún kò ju nǹkan bí lítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bí òjé inú rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú desílítà kan, àpapọ̀ òjé tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò wúwo ju horo iyọ̀ kéékèèké kan tàbí méjì lọ. Síbẹ̀, láti iye yìí lọ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a wá ibi tí òjé náà ti ń wọlé, kí a sì dí i.

Báwo wá ni a ṣe ń rí i? Ẹni tí ó bá ti dáná rí mọ̀ pé bí omi oníyọ̀ bá ru dà sí inú iná, ọwọ́ iná a yí padà sí pupa rúsúrúsú. Mẹ́táàlì tí ó wà nínú iyọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń tú jáde, tí ó sì ń gbé mì, nígbà tí ooru bá mú un. Púpọ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ojú ènìyàn kò lè rí. Ní ọdún 1955 ni Alan Walsh, ní Ọsirélíà, ṣàlàyé bí a ti lè fi èyí ṣe òṣùwọ̀n. Bí òjé ni a ń wá, a ó tan àtùpà tí a fi òjé ṣe, kí ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ti òjé ni yóò máa tàn. A ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà la ọwọ́ iná kan kọjá, a ó sì máa fín omi tí a ń yẹ̀ wò sí inú iná náà. Bí òjé bá wà nínú omi, yóò gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀. Iye tí ó dín ni ó ń sọ iye òjé fún wa. Ó dà bí ẹni tí ó mọ iye àlejò tí ó jẹun nípa wíwo oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù.

Ọ̀nà yìí dára, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ ní àwọn yunifásítì wa. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ibi tí ó mọ. Bí òjé bá kéré jù, ohun tí ó gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára bí àtùpà fúnra rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Ní ti òjé, ibi tí agbára iná ti ń tán lè ga ju àlà tí òfin pa fún omi lọ. Ẹ̀rọ tí ó ń lo ìléru kékeré dípò ọwọ́ iná ń rí ohun tí ó kéré púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó tún ta á yọ ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní ICP-MS, tí ó ń fi ooru tí ó ju ti ojú oòrùn lọ tú omi náà palẹ̀, tí ó sì ń ka átọ́ọ̀mù mẹ́táàlì gẹ́gẹ́ bí ìwúwo wọn.

Baálé ilé mi padà lọ bi wọ́n. Lẹ́yìn ìlọbọ̀ mẹ́ta ni wọ́n tó sọ fún un pé ẹ̀rọ tiwọn kò lè rí òjé tí kò bá tó máíkírógíráàmù 50 nínú lítà kan. Ìlọ́po márùn-ún àlà òfin nìyẹn. Omi tí òjé inú rẹ̀ jẹ́ 40 yóò gba ìwé "a kò rí i" kan náà pẹ̀lú omi tí kò ní òjé rárá. N kò sọ pé omi rẹ̀ burú. Ìwé náà ni kò sọ pé ó dára, tí kò sì sọ pé ó burú. "Ó dín ní 50" ni ó yẹ kí wọ́n kọ. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "a kò rí i" àti "kò sí" dáadáa: ẹni tí ó wá ewúrẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé tí kò rí i kò ní wọlé wá sọ fún ará ilé pé ewúrẹ́ náà kò sí láyé mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ má ṣe kọ òdo sí ibi tí ẹ̀rọ kò ti rí nǹkan. Ẹ kọ ibi tí ojú ẹ̀rọ mọ.

Àṣìṣe kejì lòdì sí ti àkọ́kọ́: kí a rí òjé tí kò sí nínú omi náà. Clair Patterson, ará Amẹ́ríkà, ń wọn òjé inú òkúta tí ó já láti òfurufú kí ó bàa lè mọ ọjọ́ orí ayé. Iye tí ó ń rí kò gún, nítorí pé òjé wà nínú eruku yàrá, lára irun orí rẹ̀, nínú ìgò, àní nínú ásíìdì tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní láti kọ́ yàrá tí eruku kò lè wọ̀ kí ó tó rí ìdáhùn rẹ̀: ní ọdún 1956 ó kéde pé ayé ti lò tó ọdún bílíọ̀nù 4.55. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí gbogbo òjé yàrá náà ti wá. Ní ọdún 1965 ó kọ̀wé pé òjé tí ó wà lára àwọn ará Amẹ́ríkà pọ̀ púpọ̀ ju bí ẹ̀dá ti ṣe é lọ, àti pé èyí tí a ń pò mọ́ bẹntiróòlù wà lára ohun tí ó fà á. Kò dùn mọ́ àwọn tí ń ta irú epo bẹ́ẹ̀ nínú. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìpàdé Dakar ti ọdún 2001 ni àwọn ìjọba ti fẹnu kò láti mú òjé kúrò nínú bẹntiróòlù, ó sì kúrò ní gbogbo ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006. Ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà. Èyí tí ọkọ̀ tú sí etí ọ̀nà ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò ní ibi tí ó ń lọ àyàfi bí òjò tàbí ṣọ́bìrì bá gbé e.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ gba omi kànga Alákijà fún àyẹ̀wò, ìgò ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò oníke tí a ti fi ásíìdì fọ̀ ni ó yẹ, kì í ṣe ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣàn lásán. Kí ó gba omi tí ó sùn mọ́jú nínú páìpù sí inú ìgò kan, nítorí òun ni ó bá ẹnu ẹ̀rọ àti ìsopọ̀ páìpù gbé pẹ́ jù. Kí ó jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì gba èkejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá ga tí ti èkejì kò ga, páìpù ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ilẹ̀. Kí a kán ásíìdì nítíríìkì sí omi náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjé yóò lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi yóò sì dé yàrá àyẹ̀wò bí ẹni mímọ́. Ìgò kẹta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé: omi mímọ́ láti yàrá àyẹ̀wò, tí a gbé dé ojú kànga, tí a ṣí níbẹ̀, tí a sì gbé padà. Bí a bá rí òjé nínú èyí, ọwọ́ wa ni a fi gbé e wá.

Ní ti oúnjẹ, ohun kan ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Nínú ẹja tútù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ jẹ́ omi. Bí òjé inú ẹja tútù kan bá jẹ́ 0.2 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan, kò kọjá 0.3 tí òfin oúnjẹ àgbáyé fi lélẹ̀. Bí a bá gbẹ ẹja kan náà kí a tó wọ̀n ọ́n, iye náà yóò di 0.8, kò sì sí òjé kankan tí a fi kún un. Ìwé tí kò bá sọ bóyá tútù ni tàbí gbígbẹ lè dẹ́rù bani lásán, ó sì lè fọkàn ẹni balẹ̀ lásán. Ó tún yẹ kí a mọ̀ bóyá ẹran ara ẹja ni a wọ̀n tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ara ènìyàn, mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ń bá sí. Kádímíọ̀mù ń sùn sí kíndìnrín fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìtọ̀ ni a sì ń wò fún un. Mẹ́kúrì tí a jẹ nínú ẹja ń wọ inú irun, irun sì ń gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gé e ní ìdá-ìdá lè ka oṣù tí ó kọjá lórí rẹ̀. Òjé kì í pẹ́ jù nínú ẹ̀jẹ̀: láàárín nǹkan bí oṣù kan ìdajì rẹ̀ ti kúrò. Ṣùgbọ́n egungun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wọ̀ lọ, ó sì ń gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, egungun rẹ̀ lè tú u padà sí inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ inú yóò sì bá a pín in. Nítorí náà, iye kékeré nínú ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa oṣù yìí. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe. Bí a bá sì ń gún ọmọ ní ìka fún àyẹ̀wò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí pé eruku tí ó wà lórí ìka lè ní òjé ju ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń dájọ́ kò sì dúró sí ojú kan. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ dé 60 kí a tó sọ pé ó pọ̀ jù. Ó di 40 ní 1970, 30 ní 1975, 25 ní 1985, 10 ní 1991, 5 ní 2012, ó sì di 3.5 ní 2021. Ọmọ Boston tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní 13, bí ó bá jẹ́ ní 1985 ni a bí i, wọn ìbá ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó máa lọ ilé. Ara ọmọ kò yí padà láàárín ọdún wọ̀nyí. Ìwọ̀n ni ó túnṣe, a sì rí i pé òjé ń dín òye ọmọ kù ní iye tí a ti rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé 3.5 ni ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé, nínú igba ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọdún kan sí márùn-ún, nǹkan bí ọmọ márùn-ún ni tiwọn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò mọ iye òjé kankan tí kò léwu.

Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ dé ibi ìwọ̀n tíntìntín. Ní Dareta àti Yargalma, wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọkà, òjé sì wà nínú òkúta náà. Gìrì mú àwọn ọmọ, ibà ni a sì kọ́kọ́ fura sí. Nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní àwọn ilé tí a ṣe ìwádìí dé, 118 ni ó ti kú láàárín ọdún kan. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó kú, gìrì mú 82 kí wọ́n tó kú. Lára àwọn ọmọ bí igba tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dé 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń fa òjé jáde. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn dókítà gbé lọ sí oko kò lè kà ju 65 lọ. Ohun tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, "ó ga" nìkan ni ó ń kọ. Àwọn dókítà náà, tí ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières rán lọ, kò fún ọmọ ní oògùn àyàfi bí a bá ti kó erùpẹ̀ àgbàlá rẹ̀ kúrò, nítorí pé ọmọ tí ó bá padà sí inú eruku kan náà yóò tún mu òmíràn.

Èyí tí ó sún mọ́ Alákijà jù ni ti Ogijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá Ìkòròdú, níbi tí a ti ń yọ́ bátìrì tí ó ti kú láti kó òjé inú wọn jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination tẹ àbájáde ìwádìí tí a ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 níbẹ̀ jáde. Nínú mẹ́wàá, méje ni òjé ti pọ̀ jù lára wọn; gbogbo òṣìṣẹ́ tí a yẹ̀ wò ni ó mú; ju ìdajì àwọn ọmọdé lọ ni ó ní iye tí ó lè ba ọpọlọ wọn jẹ́ títí ayé. Bátìrì mọ́tò àti ti ínfátà tí ń kú ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní ọ̀nà Badagry, ibì kan ni wọ́n ń kó wọn lọ yọ́.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Alákijà kò ní láti fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀. Èyí kò yẹ kí a ṣe láìsí dókítà àti láìsí ibi tí a ó gbé ọmọ lọ bí iye náà bá ga. Ohun tí ọmọ ń fọwọ́ kàn ni kí ó kọ́kọ́ gbé lọ: eruku ojú fèrèsé, ọ̀dà tí ń bó lára ògiri, omi tí ó sùn mọ́jú, tìróò ìyá àgbà. Kí ó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀rọ wọn lè rí òjé omi tí kò tó 10 nínú lítà kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí inú ìwé. Lítà omi kan ti tó fún wọn. Ní ti tìróò, èyí tí ó bá wọ orí èékánná kan ti pọ̀ tó.